Ẹni Tó Ń Dáhùn ní Àdírẹ́sì Àtijọ́

Sáfà ìkànnì wa, ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ iná lára rẹ̀, tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀ àti báàkẹ́ẹ̀tì nínú yàrá ẹrù wa, òun ló dá wẹ́dà kan lóhùn kí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé tó lù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mutí, orí mi ò sì dàrú. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bójú tó ìkànnì ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, mo sì mọ ohun tí kò lè ṣe láéláé. Ẹ̀rọ tí kò sí iná lára rẹ̀ kì í dá ènìyàn lóhùn.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Kò tíì tán nínú mi, n ò sì ní purọ́ pé ó ti tán.

Iṣẹ́ wa ò ta kókó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ á forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wa, a ó sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí ilé ìwòsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀, a ó gbé e síbẹ̀: irú ẹ̀jẹ̀ báyìí, ọ̀rá mélòó, títí aago mélòó. Ẹni tí tirẹ̀ bá bá a mu á tẹ ibi tí a kọ "Mò ń bọ̀" sí, á sì wá. Nígbà ayé Màmá Abẹ́rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dá olúkúlùkù lóhùn. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ogún ọdún ló fi fa ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ẹlòmíì á máa bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ti parí. Ìka kan ló fi ń tẹ lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà: "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ mumi dáadáa kí ẹ tó máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ni tiyín." Oṣù méjì sẹ́yìn ló kú, lọ́sàn-án gangan, lórí àga rẹ̀ ní ilé tí a wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àyà ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Erùpẹ̀ ò tíì gbẹ lórí rẹ̀ tí Ọ̀gá wa fi ní ká kó kúrò níbẹ̀. Lónìí-lónìí là ń pe Ọ̀gá lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tó lè di ọ̀la lójú rẹ̀. Ó kó wa lọ sí ilé tuntun ní òpópónà kejì, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó fíríìjì, ó wá ní ìkànnì náà gbọ́dọ̀ kó lọ sí sáfà tuntun. Mo ní ó dáa. Mo ní kó sáà fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọjọ́ mẹ́ta fún kí ni?"

"Ọ̀gá, tí fóònù bá fẹ́ wá sí ìkànnì wa, á kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì wa lọ́wọ́ DNS, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti rí i, á fi í sórí, kò ní béèrè mọ́ fún ọjọ́ méjì, torí ọjọ́ méjì la kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kí ọjọ́ méjì ti tẹ́lẹ̀ tán, ká tó wá yí àdírẹ́sì padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣì máa kanlẹ̀kùn ilé tí a ti fi sílẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàwáwí. "Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò máa pàṣẹ fún mi ni? Lónìí ni."

Mo kọ̀. Mo rò pé mo ti borí. Àṣé ó ń ṣọ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, mo jáde lọ jẹun, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, ó yí àdírẹ́sì náà padà fúnra rẹ̀. Ó fa iná yọ lára sáfà àtijọ́, ó ká wáyà rẹ̀ lé e lórí, ó sì tì í sí yàrá ẹrù. Ibi tí Màmá ti máa ń dá ènìyàn lóhùn, ó yọ ọ́ kúrò, ó fi èsì ẹ̀rọ kan sí i tó ń sọ pé "A ti gba ìbéèrè yín." Nígbà tí mo dé tí mo rí i, mo pariwo débi pé àwọn tó wà níta yọjú. Ó rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ṣé ayé wá parí báyìí?"

Ó kù díẹ̀ kó parí lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀ Sátidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú láti orí àtẹ̀gùn ilé wọn. Ọmọ ọdún méje ni, òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi bí. Ojú lásán kò rí ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn rẹ̀. Dókítà ní aago mẹ́ta làwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, àti pé tí kò bá sí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ méjì nílẹ̀, àwọn ò ní fọwọ́ kan abẹ. Irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ò wọ́pọ̀ rárá. Kò sí ẹyọ kan nínú fíríìjì wa. Nínú gbogbo ìwé ìkànnì tuntun, ènìyàn méjì péré ló ní in: wẹ́dà kan, àti olùkọ́ kan tó ti rìnrìn àjò. Mo pe olùkọ́, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe wẹ́dà, kò gbé e. Mo gbé ìbéèrè náà sórí ìkànnì ní aago mẹ́sàn-án, mo jókòó tì í. Aago mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Aago mọ́kànlá, kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní gbogbo ìgbà, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, wẹ́dà pè.

"Ẹ káàsán o, arábìnrin. Irin ni mò ń jó, mi ò gbọ́ fóònù. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé mo ti wà lọ́nà. Mo ti mumi bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe."

Mo dìde. "Ta ló ní kí ẹ mumi, Bọ̀dá?"

"Ìkànnì yín náà ni."

Mo ní kó jọ̀ọ́ ka ohun tó wà lójú fóònù rẹ̀ fún mi. Ó kà á. Ó ní búlúù ni ojú ewé náà. Búlúù ni ti àtijọ́. Funfun ni ti tuntun. Mo ní hẹn, fóònù yìí ṣì ń rántí àdírẹ́sì àtijọ́ ni, ẹ̀dà tó ti tọ́jú sínú láti ọjọ́ mélòó kan ló ń gbé jáde. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ó wá ń kà lọ: ọmọ ọdún méje, ọ̀rá méjì, títí aago mẹ́ta òní. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ mumi dáadáa kí ẹ tó máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ni tiyín."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀dà tí fóònù tọ́jú ní Ọjọ́bọ̀ kò lè mọ̀ pé ọmọ kan máa ṣubú láàárọ̀ Sátidé. Sáfà àtijọ́ nìkan ló lè dáhùn ní àdírẹ́sì yẹn, kò sì sí iná lára rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wẹ́dà pé ilé tuntun ni kó wá, ó ní "Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yín, ilẹ̀kùn ti ṣí," ìpè náà sì gé. Mo wo ẹnu ọ̀nà wa. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Mo já wọ yàrá Ọ̀gá láìkanlẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ wá wo ohun tí ẹ fọwọ́ yín fà! Ẹni kan ṣoṣo tó lè gba ọmọ wa là ti lọ sí ilé àtijọ́!"

Kò gbójú sókè. "Sọ fún un kó nu ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀, kó pa á, kó tún un tàn. Ṣé èmi ni mo máa kọ́ ẹ níṣẹ́ ẹ?"

Mo gba yàrá ẹrù kọjá lọ mú kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́. Sáfà náà wà níbi tó wà, wáyà rẹ̀ wà ní kíká lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo yọwọ́ kíá.

Má-kánjú gbé àpótí tútù tí a fi ń gbé ẹ̀jẹ̀, ó tẹ̀lé mi. Òun ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé iṣẹ́ wa, àgbàlagbà tí kì í sáré, tí kì í fọwọ́ síwèé kankan láìtíì kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ náà, òun ló ṣáájú mi. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, ojú pópó kún, àwọn ènìyàn ń lọ ń bọ̀. Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ láti ìta, eruku sì wà lórí rẹ̀ tí kò sí àpá ọwọ́ kankan nínú rẹ̀. Mo wo Má-kánjú, ó wò mí. Mo ṣí i.

Òórùn sípíríìtì ló kọ́kọ́ pàdé wa, tútù, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nu apá ènìyàn. Wọ́n ti gé iná ilé náà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan níbẹ̀ mọ́, àpá ẹsẹ̀ wọn nìkan ló kù lórí ilẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin. Láàárín àpá mẹ́rin ti bẹ́ẹ̀dì kẹta, wẹ́dà dùbúlẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, òwú wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, ife omi kan sì wà létí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Bẹ́ẹ̀dì yín yìí mà dẹ̀ o! Ó sàn ju ti ilé mi lọ."

Má-kánjú di apá mi mú. Mo ní, "Bọ̀dá, ibo lẹ gbà wọlé?"

"Ẹnu ọ̀nà náà ni. Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọwọ́ wọn mà fúyẹ́ o, mi ò mọ̀gbà tí wọ́n parí."

"Màmá wo?"

Ó na ìka sẹ́yìn wa, sí ọ̀nà tí a gbà wọlé. "Èyí tó ń lọ yẹn."

"Má wẹ̀yìn o," ni Má-kánjú sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. A ò wẹ̀yìn. A gbọ́ sálúbàtà tó ń fa ilẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń jìnnà sí wa, bíi ti ẹni tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀. A dúró títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Lórí pèpéle ojú fèrèsé, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ méjì wà. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ méjèèjì. Mo ní, "Ẹ ṣeun o, Bọ̀dá, ẹ ti fún wa ní méjì," wẹ́dà sì ya ẹnu. "Méjì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ọ̀kan ni wọ́n fà lára mi. Ìkejì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé." Mo yẹ ìwé ara ọ̀rá náà wò. Nọ́ńbà wẹ́dà wà lára ti àkọ́kọ́. Lára èkejì, wọ́n kọ nọ́ńbà kẹtàdínlógún, lẹ́tà wínníwínní tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Má-kánjú kà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e sínú àpótí tútù, ó gbá a mọ́ àyà títí a fi dé ilé tuntun.

Ó yẹ méjèèjì wò. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo aago ara ògiri. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbórí sókè. Méjèèjì mọ́. Méjèèjì bá ti ọmọ náà mu. Ọ̀gá wọlé nígbà yẹn, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó.

"Ẹ gbé ti wẹ́dà lọ. Èyí kejì, ẹ dà á nù. Kò sí nọ́ńbà kẹtàdínlógún lórí ìkànnì wa."

"Ó wà," ni Má-kánjú wí. "Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀." Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ yọ lábẹ́ tábìlì, èyí tí a fi ọwọ́ kọ, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó tì í sí i níwájú. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún: Màmá Abẹ́rẹ́. Irú ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Ó ti fi tọrẹ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ nígbà mọ́kànlélógójì.

Ọ̀gá ti ìwé náà padà. Ó bọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ dí i. "Ẹ̀jẹ̀ òkú kò ní jáde níbí lórúkọ mi. Mo ní kí ẹ dà á nù! Ká dúró de olùkọ́ yẹn."

Hà! Ìgbà tó ní ká dúró rèé. Ẹni tí kò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta fún ìkànnì, òun ló ń sọ pé kí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀ dúró! Ìbínú gbé mi dé ibi tí mi ò dé rí. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bí i ni? Ẹ ti ilé mọ́ àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, obìnrin tí ẹ yọ orúkọ ẹ̀ dànù dìde wá ṣe iṣẹ́ yín fún yín, ẹ tún ń dí ọ̀nà! Ojú ò tiẹ̀ tì yín! Ọ̀gá, ẹ kúrò lọ́nà, àbí kí n gba orí yín kọjá." Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí láyé mi. Ó kúrò.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà rí ìfọwọ́sí Má-kánjú lórí ìwé méjèèjì, kò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè. Ó rí ojú mi, ó sì mọ̀ mí láti inú aṣọ ìlédìí. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Àbúrò mi, ta ló ni ẹ̀jẹ̀ kejì?"

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè ọmọ náà ti funfun bí ìyẹ̀fun.

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́."

"Ṣé ó bá a mu?"

"Ó bá a mu."

"Kí lẹ wá ń wò mí sí?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbé e kọ́."

Wọ́n gbé e kọ́. Aago márùn-ún, dókítà jáde, ó ní ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ní ọ̀sán Àìkú, ọmọ náà béèrè oúnjẹ, ó sì bú nọ́ọ̀sì tó fún un ní ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà. Ọ̀sán Àìkú yẹn náà ni ọjọ́ méjì DNS pé. Mo pe wẹ́dà, mo ní kó tún ṣí ìkànnì wa. Ó ní ojú ewé ti di funfun. Kò sí fóònù tó tún rántí àdírẹ́sì àtijọ́ mọ́, lójú tèmi. Mo ní ó ti tán.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ní aago mẹ́wàá kọjá, Ọ̀gá wá sídìí tábìlì mi. Kò kí mi. Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi.

"Tèmi ṣì ń gbé búlúù wá," ló wí.

Mo nu gbogbo ohun tí fóònù náà tọ́jú sínú. Búlúù. Mo pa á, mo tún un tàn. Búlúù. Mo ní kó ṣí ìkànnì ilé ìfowópamọ́ rẹ̀, ó ṣí i, búlúù. Mo pa wáìfáì rẹ̀ pátápátá, mo yọ káàdì síìmù rẹ̀ jáde, mo gbé e sórí tábìlì níwájú àwa méjèèjì. Ojú ewé náà kò kúrò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lórí rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ni, láti ọ̀dọ̀ Màmá Abẹ́rẹ́ sí Ọ̀gá, ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá kú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àyà ń dùn mí láti àná. Ẹ jẹ́ kí n lọ rí dókítà." Lábẹ́ rẹ̀: Ọ̀gá ti kà á. "Ọ̀gá, mo tún ń ránṣẹ́. Ẹ má bínú." Lábẹ́ rẹ̀: Ọ̀gá ti kà á. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ tó kú gan-an. "Ọ̀gá, mi ò lè mí dáadáa. Ẹ wá ẹni tó máa rọ́pò mi lónìí." Ọ̀gá ti kà á. Kò sí èsì lábẹ́ ẹyọ kan nínú wọn. Mo sún ọwọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, mo rí ibi tí a kọ "Mò ń bọ̀" sí. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní orúkọ Ọ̀gá. Èsì sì wà níbẹ̀: "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Mò ń retí yín. Aago mọ́kànlá. Àga mi ni kí ẹ jókòó sí."

"Èmi ò tẹ nǹkan kan," ló ń sọ, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò tẹ nǹkan kan. Bá mi tún un ṣe. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, ibì kan wà tí a kọ "Mi ò lè wá mọ́" sí. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fún àwọn tí ara wọn ò bá yá tàbí tí ẹ̀rù bá bà. Ìka kan ló gbà láti fi fagi lé "Mò ń bọ̀" yẹn. Ọ̀gá ò wọ awò ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò lè rí i.

Èmi rí i. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo ní kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.